Láti Inú Èéfín Bọ́ Sínú Dísù: Ìtàn Ọkọ̀ Ojú Omi Láti Ayésàn Dé Òkè Òkun

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò lónìí dá lórí ọkọ̀ ojú omi. Ìbéèrè kan ló wà níwájú mi. Ní àwọn ilẹ̀ kan ní àgbáyé, wọ́n máa ń yọ ẹ̀rọ oru omi kúrò nínú ògbólógbòó ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n á fi ẹ̀rọ dísù sí i, ọkọ̀ náà á sì tún ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i. Kí ló wá dé tí ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn ọkọ̀ eléèéfín tó ná èbúté ilẹ̀ wa fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kò fi rí irú ẹ̀mí kejì bẹ́ẹ̀ gbà?

Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni iṣẹ́ tí mo kọ́, kì í ṣe ìmọ̀ ẹ̀rọ. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí kan èdè gbọ̀ngbọ̀n, ó sì kan ìtàn ilẹ̀ wa ju bí a ti ń rò lọ. Ibi tí n óò ti bẹ̀rẹ̀ ni agbègbè Ararọ̀mí-Obu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbó, ìpínlẹ̀ Oǹdó.

ÈBÚTÉ AYÉSÀN

Ẹni tó bá gba títì Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Bìní, Ọ̀rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rántí. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ èrò ti máa ń dúró kí èrò jẹun. Ibẹ̀ náà ni ogun abẹ́lé dé ní ọdún 1967, tí àwọn ènìyàn fi ń sọ pé "ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀." Èyí ló mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé títì ló la agbègbè náà. Ṣùgbọ́n omi ṣáájú títì níbẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1860, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Èkó kò rẹ́ pẹ̀lú àwọn Ẹ̀gbá àti àwọn Ìjẹ̀bú. Ìgbàkúùgbà tí ìjà bá dé, ọ̀nà tó lọ sí ilẹ̀ òkè á di títì pa. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. John Hawley Glover, tó ń ṣàkóso Èkó nígbà náà, wá ọ̀nà mìíràn sí ìhà ìlà-oòrùn. Ní ọdún 1872 ni ó rán òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan, Goldsworthy, lọ sí Oǹdó láti bá wọn parí ìjà abẹ́lé tó ti tú ìlú náà ká, kí ọ̀nà lè ṣí. Bí ọ̀nà ọ̀hún ṣe lọ nìyí: láti Èkó, ọkọ̀ á gba ojú ọ̀sà lọ sí Àtìjẹ́rẹ́, á sì gba ojú omi dé Ayésàn. Ní Ayésàn ni ẹrù ti máa ń bọ́ sí èbúté. Àwọn aláàárù á rù ú gba inú igbó lọ sí Òde-Oǹdó, kí ó tó tẹ̀ síwájú sí Ifẹ̀, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì.

Ọ̀nà Oǹdó yìí ni ìbọn ìgbàlódé gbà dé ọwọ́ àwọn Èkìtìparapọ̀ nígbà ogun Kírìjì. Òun náà ni àwọn oníwàásù CMS gbà dé ìlú Oǹdó. Nígbà tó yá, gẹdú láti inú igbó Olúwa gba ojú omi kan náà lọ sí Èkó: wọ́n á so àwọn igi náà pọ̀ mọ́ ara wọn lórí omi bí ẹní, wọ́n á sì máa tù wọ́n lọ díẹ̀díẹ̀. Lónìí, orúkọ Ararọ̀mí àti Ayésàn wà pọ̀ lára iléeṣẹ́ ọ̀pẹ Ararọ̀mí-Ayésàn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó mọ iléeṣẹ́ náà ni kò mọ̀ pé èbúté ni Ayésàn nígbà kan rí.

ORÚKỌ TÍ ÈÉFÍN BÍ

Ọkọ̀ tó ń gba ẹrù ilẹ̀ Yorùbá lórí òkun láàárín sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún ti kúrò ní ọkọ̀ onígbòkun, ó ń di ọkọ̀ eléèéfín. Bloodhound, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó kọlu Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ẹ̀rọ oru omi ló ń lò. Ní ọdún 1852, Macgregor Laird dá iléeṣẹ́ African Steam Ship Company sílẹ̀ láti máa gbé lẹ́tà, èrò àti ọjà láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, abẹ́ Elder Dempster ni iṣẹ́ náà bọ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbi orúkọ. Gẹ̀ẹ́sì fi oru omi sọ ọkọ̀ náà lórúkọ, nítorí pé oru omi ló ń tì í. Yorùbá fi èéfín sọ ọ́ lórúkọ, nítorí pé èéfín ni ojú rí. Bẹ́ẹ̀ ni èdè wa ṣe máa ń ṣe sí ohun àjèjì: ọkọ̀ ojú irin gba orúkọ láti ara ibi tó ń rìn, ọkọ̀ òfúrufú bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, alùpùpù sì gba tirẹ̀ láti ara ariwo tó ń pa. Ẹni tó dúró ní etí omi ni èdè fi ojú rẹ̀ wo nǹkan. Ẹni tó wà nínú ikùn ọkọ̀, tó ń ko èédú sínú iná, kò bá wa dá sí i.

Ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Lédè Swahili, "meli" ni wọ́n ń pe ọkọ̀ ojú omi, láti ara ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún lẹ́tà, nítorí pé ọkọ̀ tó ń gbé lẹ́tà ni wọ́n mọ̀. "Stima", tó ti inú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì fún ọkọ̀ eléèéfín wá, ti di orúkọ iná mànàmáná lẹ́nu àwọn ará Kẹ́ńyà. Ẹ̀rọ yí padà, ọ̀rọ̀ náà sì wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Mo máa ń fi àpẹẹrẹ yìí han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ àyálò, kí wọ́n lè rí i pé ọ̀rọ̀ kì í kú nítorí pé ohun tó bí i ti kú.

BÍ A ṢE Ń PA ỌKÀN ỌKỌ̀ DÀ

Ọkọ̀ eléèéfín àtijọ́ ní ìkòkò irin gìrìwò kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n ń pè ní bọ́ílà. Iná èédú á máa jó lábẹ́ rẹ̀, omi á hó, oru á sì wọ inú ẹ̀rọ láti ti àwọn ọ̀pá irin lọ, ti wọ́n bọ̀, títí tí púròpẹ́là, irin tó dà bí fáànù lábẹ́ omi, yóò fi máa yí. Ìṣòro rẹ̀ ni pé iná wà ní ibì kan, iṣẹ́ wà ní ibòmíràn. Ooru púpọ̀ ló ń ṣòfò lójú ọ̀nà. Bí a bá pín ooru èédú sí ọ̀nà 100, ẹ̀rọ àtijọ́ bẹ́ẹ̀ kì í sábà rí ju 10 sí 15 lò. Ó sì máa ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí kí oru tó tó èyí tí ọkọ̀ lè fi gbéra.

Rudolf Diesel, ọmọ Jámánì, ló mú iná wọ inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ rẹ̀ á fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí tí yóò fi gbóná janjan. Bí epo bá kán sí i, á gbiná láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣáná sí i. Ní ọdún 1897, ní ìlú Augsburg, ni èyí tó ṣiṣẹ́ dáadáa jáde. Ẹ̀rọ dísù ńláńlá ti òde òní ń rí ju 40 lò nínú ọ̀nà 100 yẹn. Ní oṣù Kejì ọdún 1912 ni Selandia, ọkọ̀ àwọn ará Denmark, gbéra láti Copenhagen lọ sí Bangkok. Ó wà lára àwọn ọkọ̀ òkun àkọ́kọ́ tó fi dísù rin ìrìn àjò jíjìn. Kò ní ẹnu èéfín gìrìwò bí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ara òpó ọkọ̀ ni wọ́n fi èéfín rẹ̀ gbà jáde. Diesel fúnra rẹ̀ kò pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn: ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1913 ni ó pòórá lórí òkun láàárín Antwerp àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, inú ọkọ̀ eléèéfín tó ń jẹ́ Dresden ló sì wà.

Bí a bá fẹ́ sọ ọkọ̀ eléèéfín di ọlọ́ọ̀ísù, iṣẹ́ ńlá ni. Wọ́n ní láti la ara ọkọ̀ tàbí orí rẹ̀ kí bọ́ílà lè jáde. Nítorí pé bọ́ílà àti omi inú rẹ̀ wúwo, wọ́n á tún ìwọ̀n ọkọ̀ ṣe kí ó má baà fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n á kan ìdúró tuntun fún ẹ̀rọ dísù, nítorí pé ìgbọ̀n tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹ̀rọ olóoru máa ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pẹ̀lú agbára. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ dísù máa ń yí kíákíá, nítorí náà wọ́n á fi gíà sáàárín òun àti púròpẹ́là. Àyè tí èédú ń gbé tẹ́lẹ̀ lè di ti epo tàbí ti ẹrù. Àwọn ẹ̀rọ tí ń fa ẹrù sókè, tí oru ń yí tẹ́lẹ̀, á di ti iná mànàmáná. Ìyẹn ni pé wọ́n á tún wá jẹnẹrétọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀rọ kan ṣoṣo, inú gbogbo ọkọ̀ ni yóò tún kàn.

ỌKỌ̀ MÉJÌ TÓ RÍ Ẹ̀MÍ KEJÌ

Wọ́n kan Graf Goetzen ní Papenburg, ilẹ̀ Jámánì, ní ọdún 1913. Wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n dì í sínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún àpótí, wọ́n gbé e lọ sí Dar es Salaam, wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú irin gbé e dé etí adágún Tanganyika. Ní ọdún 1915 ni ó bọ́ sínú omi. Nígbà tí ogun le, ní oṣù Keje ọdún 1916, àwọn Jámánì fúnra wọn ló rì í. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó rì í, wọ́n fi gíríìsì kun àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ dáadáa. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé e jáde ní 1924. Ẹ̀rọ náà ṣì dára, ọkọ̀ náà sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ní 1927 pẹ̀lú orúkọ tuntun, Liemba. Oru omi ló ń lò títí di àwọn ọdún 1970, nígbà tí wọ́n fi dísù rọ́pò rẹ̀. Ní 1993 wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Denmark. Ní 1997, ó wà lára ohun tí àjọ àgbáyé tó ń bójú tó àwọn tí ogun lé kúrò nílé fi dá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn padà sí Kóńgò.

Èkejì wà ní Amẹ́ríkà. Ní 1942, wọ́n kan ọkọ̀ agbépo kan fún ọmọ ogun ojú omi, wọ́n pè é ní Chiwawa. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, wọ́n sọ ọ́ di ọkọ̀ akẹ́rù lórí àwọn adágún ńlá ìhà àríwá Amẹ́ríkà, níbi tó ti ń kó òkúta irin. Orúkọ rẹ̀ yí padà lẹ́ẹ̀mẹta, ó wá di Lee A. Tregurtha ní 1989. Nígbà òtútù ọdún 2005 sí 2006 ni wọ́n yọ ẹ̀rọ oru omi rẹ̀, tí wọ́n fi dísù sí i. Ọkọ̀ náà ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún nígbà náà.

Kí ni ọkọ̀ méjèèjì jọ ní? Orí adágún ni wọ́n ń gbé, omi ibẹ̀ kò sì ní iyọ̀. Iyọ̀ ni ọ̀tá irin; omi òkun á mú ìpáàrà jẹ ara ọkọ̀ láàárín ìwọ̀nba ọdún, ṣùgbọ́n nínú omi aláìníyọ̀ ara ọkọ̀ lè pẹ́ ju ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Níbi tí ara bá ti pẹ́ ju ọkàn lọ, ó tọ́ kí a pààrọ̀ ọkàn. Lójú òkun, ara àti ọkàn sábà máa ń gbó pọ̀.

Síbẹ̀, iyọ̀ nìkan kọ́ ni ìdáhùn. Queen Elizabeth 2, ọkọ̀ èrò olówó iyebíye tó ń rin òkun, lọ sí Bremerhaven ní 1986. Wọ́n yọ ẹ̀rọ oru omi rẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ dísù mẹ́sàn-án sí i, ó sì padà sójú òkun ní 1987. Lẹ́yìn tí owó epo fò sókè ní 1973 àti 1979, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe sí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ara wọn ṣì dúró ṣinṣin. Ẹni tó ní owó, tó ní ọkọ̀ tí kò tíì gbó, tó sì ní ibùdó àtúnkàn lẹ́bàá ilé rẹ̀, iyọ̀ kò lè dí i lọ́wọ́.

ÀWỌN ỌKỌ̀ TÓ NÁ ÈBÚTÉ WA

Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, rírọ́pò ló wọ́pọ̀ ju àtúnkàn lọ. Aba, tí wọ́n kàn ní 1918 pẹ̀lú orúkọ Glenapp, bọ́ sọ́wọ́ Elder Dempster ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920. Ó wà lára àwọn ọkọ̀ èrò òkun àkọ́kọ́ tó ń lo dísù. Accra àti Apapa tẹ̀ lé e ní 1926 àti 1927, ogun àgbáyé kejì sì rì àwọn méjèèjì ní 1940. Lẹ́yìn ogun, wọ́n kan Accra àti Apapa mìíràn, Aureol sì dé ní 1951. Dísù ni gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa tó lọ kàwé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wọ Aureol kí ó tó ṣíwọ́ iṣẹ́ yìí ní 1974.

Àyípadà yìí ní ẹni tó jèrè, ó sì ní ẹni tó pàdánù. Nínú ọkọ̀ eléèéfín, ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà, àwọn Kru àti àwọn mìíràn, ló ń ko èédú sínú iná nínú ooru tí kò ṣeé fẹnu sọ, owó tí wọ́n sì ń gbà kéré sí ti àwọn aláwọ̀ funfun tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Dísù kò nílò akoná. Iṣẹ́ burúkú náà tán, oúnjẹ tó ń tinú rẹ̀ wá sì tán pẹ̀lú rẹ̀. Lórí ilẹ̀, ìlú Ẹnúgu mọ̀ ọ́n lára. Èédú ni wọ́n rí níbẹ̀ ní 1909 tí ìlú fi dìde. Nígbà tí rélùwéè wa bẹ̀rẹ̀ sí í lo dísù ní 1955, tí epo sì ń gba ipò èédú níbi gbogbo, ọjà èédú bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Ìjọba wa náà gbìyànjú. Ní 1959 ni iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ti Nàìjíríà, NNSL, bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìpín 51 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ ìjọba, tí Elder Dempster àti Palm Line pín ìyókù. Ní 1961 ó di ti Nàìjíríà pátápátá. Oduduwa, King Jaja àti Dan Fodio wà lára orúkọ àwọn ọkọ̀ rẹ̀. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé, wọ́n pàṣẹ ọkọ̀ tuntun 19 láti ilẹ̀ Yugoslavia àti Kòríà. Ní 1995, ìjọba kásẹ̀ iléeṣẹ́ náà nílẹ̀. A ra ọkọ̀, a sọ ọ́ lórúkọ baba ńlá wa, ṣùgbọ́n òkè òkun ni a ti kàn án. Lójú tèmi, ibi tí ìdáhùn ìbéèrè mi wà nìyí: ẹni tí kò ní ibi tí a ti ń pa ọkàn ọkọ̀ dà, títún ọkọ̀ rà ló kù fún un, títí owó yóò fi tán.

EPO PUPA NÍNÚ Ẹ̀RỌ DÍSÙ

Ohun kan ṣì kù tó so ìtàn yìí mọ́ Ararọ̀mí-Obu. Níbi àfihàn àgbáyé tó wáyé ní Paris ní 1900, ẹ̀rọ dísù kan ṣiṣẹ́ pẹ̀lú òróró ẹ̀pà. Ìjọba Faransé ló fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ Áfíríkà lè fi irè oko rẹ̀ yí ẹ̀rọ. Ní 1937, onímọ̀ kan ní Brussels gba ẹ̀rí ìní lórí bí a ṣe lè sọ epo pupa di epo ẹ̀rọ, nígbà tó sì di 1938 bọ́ọ̀sì èrò kan ń fi í rìn láàárín Brussels àti Leuven. Kóńgò ni Belgium ti ń rí ọ̀pẹ rẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ń hù ní oko ọ̀pẹ Ararọ̀mí ti bá ẹ̀rọ dísù tan láti ìgbà èwe ẹ̀rọ náà.

Oru omi pàápàá kò sì kúrò tán. Epo pupa máa ń dì bí òtútù bá mú un. Ọkọ̀ tó ń gbé e lọ sí Yúróòpù gbọ́dọ̀ máa yá a gbóná, kí ó lè ṣàn nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dà á jáde. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ dísù ṣì ń gbé bọ́ílà kékeré kan, tí oru rẹ̀ ń gba inú páìpù yí epo ká. Ohun àtijọ́ kúrò ní ipò ọba, ó di ìránṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣì wà láàfin.

IṢẸ́ TÓ WÀ NÍLẸ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ìdí tí mo fi kọ èyí ni pé ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ fún àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ kò lè fi èdè rẹ̀ kọ́ ọmọ bí a ṣe ń tún un ṣe. A ní àjẹ̀, ìgbòkun, ìtọ́kọ̀ àti ìdákọ̀ró, nítorí pé a tu ọkọ̀ fúnra wa. A kò ní orúkọ Yorùbá fún bọ́ílà àti gíà, nítorí pé ẹlòmíràn ló ń kàn án, etí omi ni àwa dúró sí. Kò sí ìtìjú nínú ọ̀rọ̀ àyálò. Ẹ jẹ́ ká yá a, ká kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe yẹ, ká sì máa lò ó níbi iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti àtijọ́ kò gbọdọ̀ ṣòfò. Àwọn àgbà Ìlàjẹ, Ìkálẹ̀ àti Àpọ́ì tó fi ọ̀pá àti ìgbòkun rin ojú ọ̀sà kí ẹ́ńjìnnì tó dé ń dín kù lójoojúmọ́. Ẹni tó bá ń wá ohun tí yóò fi gba oyè nínú yín, kí ó gbé ìwé àti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, kí ó kọjá Ọ̀rẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀, kí ó wọ inú lọ títí dé etí omi, kí ó béèrè orúkọ okùn, ti igi, ti afẹ́fẹ́ àti ti ìgbì omi lọ́wọ́ wọn. Èdè ni ara ọkọ̀ tiwa, omi tó wà nínú rẹ̀ kò sì ní iyọ̀. Bí a bá tọ́jú rẹ̀, yóò gba ọkàn tuntun.